Ilẹ̀kùn Tí Kò Wọ Ibì Kankan

Iṣẹ́ káfíńtà ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo káfíńtà ló ń ṣe irú tèmi. Tábìlì tó ń ká wọ ara ògiri, àga tó ń pa dé bí ìwé, ibùsùn tó ń dìde dúró láàárọ̀ kí ilẹ̀ lè gba ènìyàn: àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo mọ̀ ọ́n kàn. Ẹni tí yàrá rẹ̀ bá kéré, tó sì fẹ́ kí yàrá kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, èmi ló máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi sọ mí ní Ká-a-kúrò-nílẹ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ náà nígbà kan. Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń bú mi.

Ìfẹ́ wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ ìtìjú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mi ò sì ní bu ìkankan kù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi mí mọ Aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù, kò sì sí aránṣọ kan nítòsí tí kì í ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń fági, ó fi ọwọ́ gbọn èérún igi kúrò lórí àpótí, ó jókòó.

"Oníbàárà mi kan wà," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé bó bá fẹ́ gé aṣọ, àfi kó lé àwọn tó wá gba aṣọ jáde. Lọ bá a wò ó. Tó o bá débẹ̀, kó o la ojú ẹ dáadáa. Kì í ṣe tábìlì nìkan ni mo rán ọ lọ wò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"N ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn tó o ti kàn fún tọkọtaya kò lóǹkà, ìwọ fúnra ẹ ń dá sùn. Ṣé ìyẹn ò ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Mo lọ. Mo bá Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta lẹ́nu. Ó fi ojú kí mi. Mo na téèpù tèmi sára ògiri, mo kọ ìwọ̀n sórí pákó pélébé kan, mo fẹ́ máa lọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wọ̀n ọ́n?"

"Ojú mi kì í tàsé."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi máa ń wọn ènìyàn. Bí wọ́n bá rí téèpù, wọ́n á fa ikùn sínú. Tí mo bá ṣe aṣọ wọn tán, tí wọ́n bá wá mí, á máa fún wọn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ògiri wọ̀n lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an lọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni tábìlì yẹn. Mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo gbé e sókè, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, mo fi ìkọ́ há a. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Aránṣọ dìde, ó bọ́ sí àárín ilẹ̀ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì yí po lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ó wá wò mí.

"Ẹ ṣeun, Káfíńtà," ó ní.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn mi sì ti lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá parí iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi á gbé mi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ì báà jẹ́ òdìkejì ìlú ni mo ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá wa ru ọ̀rọ̀ lọ, ó ń ru ọ̀rọ̀ bọ̀, ó ń fi òwú aláwọ̀ mẹ́rìndínlógún bojú. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi máa pé, èmi àti Aránṣọ ti kúrò lórí "ẹ," a ti dé orí "o."

Ọjọ́ kan ni ó sọ fún mi, níbi tó ti ń ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, pé ìyá òun ti ń béèrè mi.

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní ta ló bí ẹ, kí ni iṣẹ́ ẹ, yàrá mélòó lo ní. Inú yàrá kan ni wọ́n ti tọ́ àwa mẹ́fà dàgbà. Wọ́n ti búra pé ọmọ àwọn kankan ò ní jẹun níbi tó ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Má dá wọn lóhùn. Àmọ́ o ò tíì sọ bí ilé ẹ ṣe rí fún mi rí."

Ká ní mo ní "yàrá kan ni mo ní" ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mo mọ̀ báyìí pé kò ní ṣe nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Pálọ̀ ni," mo ní, "pẹ̀lú yàrá kan nínú."

"Ó dáa," ó ní, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ohun tó ń rán. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo délé, mo dúró láàárín yàrá mi kan ṣoṣo. Ibùsùn mi wà lára ògiri ẹ̀yìn, irú èyí tí mo ń kàn fún oníbàárà. Bó o bá fà á wálẹ̀, o ti rí ibi sùn. Bó o bá tì í sókè, pákó gbọọrọ kan ló kù lójú ògiri. Mo wo pákó náà títí, èrò kan sì sọ sí mi lọ́kàn, mo bá a lọ. Mo tú ibùsùn náà palẹ̀, mo tún un kàn ní ìwọ̀n ilẹ̀kùn gan-an: gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Mo fi férémù yí i ká. Mo gbẹ́ ìdí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú ilẹ̀kùn, mo kùn ún lọ́dà, mo ra ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń dán, mo dè é mọ́ ọn, mo sì gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tì í sókè, ẹni tó bá wọlé á búra pé yàrá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, pé iṣẹ́ mi tó dára jù lọ, irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú Aránṣọ wá kí mi ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Mo ṣí àga méjì fún wọn, mo fa tábìlì wálẹ̀ lára ògiri, mo fún wọn ní omi. Aránṣọ ń wo gbogbo nǹkan, ó ń fọwọ́ kan etí tábìlì, inú rẹ̀ ń dùn. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ilẹ̀kùn.

"Yàrá ni yẹn?"

"Yàrá ni."

Ó gbójú kúrò kíá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kì í yọjú wo yàrá ọkùnrin lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ìwà rere rẹ̀ ni mo fi bo irọ́ mi. Omi gbá ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà ọ̀fun, ó wúkọ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sin Aránṣọ dé ìta, ó sì padà wá bá mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, yàrá wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ̀ ló ní..."

"Má bá mi dárúkọ ìyá ẹnìkan. Èmi ni alárinà. Bí nǹkan yìí bá wó, orí mi ló máa wó lé. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni ojú máa tì?"

"N ó ti gba ilé tó tóbi kó tó mọ̀."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Sọ fún un lọ́la."

Mo ní n ó sọ. Ọ̀la náà dé, ó kọjá, òmíràn tún dé. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, ìdákẹ́ yẹn sì bà á nínú jẹ́. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ fún Aránṣọ ní òwú, kì í wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá ṣì sàn díẹ̀ ká ní ó mọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Aránṣọ bi mí pé, "Báwo ni fèrèsé yàrá ẹ ṣe tóbi tó?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣáà dáhùn."

"Gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, fífẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin."

Fèrèsé tí kò sí, kí ni n ó máa ṣahun rẹ̀ sí? Ó na aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì tí mo kàn fún un, ó gé e, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó fi ọwọ́ rán an dípò ẹ̀rọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ó gbé aṣọ náà sókè.

"Ṣé ó tó, àbí kí n fi ínṣì méjì kún un?"

Ohun tí mo sọ rèé, mi ò ní bò ó fún yín. Mo ní, "Fi méjì kún un."

Ó tú etí rẹ̀, ó fi ínṣì méjì kún un, ó ṣẹ́ ẹ, ó fi ìwé wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo délé, mo tì í bọ ẹ̀yìn tìmùtìmù, mo ti ibùsùn sókè. Nígbà tó bi mí bó ṣe rí, mo ní ó bá fèrèsé mu rẹ́gí.

Àwọn òbí rẹ̀ wá kí mi. Ìyá rẹ̀ ló ṣáájú, ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò wọlé. Mo gba ojú fèrèsé rí i tó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń fi ọwọ́ ra ògiri. Bíríkìlà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, sìmẹ́ńtì sì ti ba ìka rẹ̀ jẹ́.

"Bàbá mi kì í wọ ilé láì kọ́kọ́ yí i po," Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lọ kí ọlọ́fọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ògiri wò."

Bàbá yí ilé po tán, ó wọlé, ó kí mi, ó jókòó. Ìyá ti ń fi ojú yẹ gbogbo nǹkan wò.

"Ó mọ́ tónítóní," Ìyá ní. "Ibi ìjókòó wọn rèé, ibi ìsùn wọn ń bẹ nínú. Mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ọmọ mi ń lọ síbi tó láyè. Ọmọ mi, ṣí yàrá, ká fojú kan aṣọ fèrèsé tí ọmọ wa rán."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, mà. Láti àná ni kò ti ṣí."

"Káfíńtà kẹ̀? Ilẹ̀kùn ń ṣàgídí sí ìwọ náà?"

Bàbá wú ikọ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ìyá ọmọ, fi í sílẹ̀. Ìta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Aṣọ tútù tí wọ́n sá síbẹ̀ ló gbá mi lójú bí mo ṣe ń kọjá."

Aránṣọ ló fọhùn.

"Bàbá mi, ẹ ò wò ó dáadáa ni. Yàrá wà níbẹ̀. Mo rán aṣọ fèrèsé rẹ̀."

Ó yíjú sí mi kí n gbè é. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ó ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn nítorí mi. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ó dìde. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Ibùsùn rọra ń sọ̀ kalẹ̀, láìpariwo, bí mo ṣe kàn án pé kó máa ṣe, ìdì ìwé kan sì yọ̀ já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà ṣì wà bó ṣe ká a gẹ́lẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un ká bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ oníbàárà, ó fi há abíyá.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mà," ó ní.

Ìyá rẹ̀ ò lè dìde. Ó ń wo ibùsùn. "Mo ti sọ fún wọn," ó ń wí. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn."

Bàbá ló jáde kẹ́yìn. Kó tó lọ, ó bá mi ti ibùsùn náà sókè, ó fi ìka yẹ hínjì rẹ̀ wò. "Iṣẹ́ dáa," ó ní. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá tù mí lára.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Mi ò fa ibùsùn yẹn wálẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ni mo ń sùn. Mo ń ronú pé bóyá kí n kó kúrò ládùúgbò, mo ń ronú pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì ń ronú pé ẹni tó ń ronú bẹ́ẹ̀ ṣì ń ro ti ara rẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ò gbà kó jókòó. Bàbá ló dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún mi bó ṣe gbọ́ ọ.

"Wọ́n ní inú yàrá kan làwọn ti tọ́ ọmọ mẹ́fà, ojú ò sì tì wọ́n. Wọ́n ní ìwọ, yàrá ẹ ń tì ẹ́ lójú, o wá ilẹ̀kùn bò ó. Lọ́jọ́ tí ọmọ àwọn bá ń tì ẹ́ lójú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wo lo máa fi í sí?"

"Òun ńkọ́?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ra bọ́tìnì." Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Bí omi bá dànù, tí agbè ò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá agbè yìí ò fọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Aránṣọ rán ẹ̀gbọ́n mi sí mi. Ó ní hínjì tábìlì òun ti tú. Ẹni tó kàn án ni kó wá tún un ṣe. Iṣẹ́ lòun pè é fún.

Mo lọ ní àárọ̀. Ó fi "ẹ" kí mi. Mo wo hínjì náà, ihò mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, súkúrù mẹ́ta péré ni mo fi dè é. Òun ni mò ń wò lọ́jọ́ tí mò ń dè é. Mo fi ìkẹrin sí i, mo gbé tábìlì wálẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró.

"Ẹ dárí jì mí," mo ní.

Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. "O jókòó síbi tó o wà yẹn. Mo bi ẹ́ bóyá ó tó. O ní kí n fi ínṣì méjì kún un."

Inú ń bí i ló ṣe padà sórí "o," síbẹ̀ inú mi dùn pé mo gbọ́ ọ.

"Ojú ń tì mí."

"Láti ìgbà wo? Ìgbà tí mò ń rán an ni, àbí ìgbà tí bàbá mi rí ẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé ìgbà tó ń rán an ni. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Ìgbà tí bàbá rí mi. Nígbà tó o fi ń rán an, inú mi ń dùn. Mò ń wo bó o ṣe ń rán nǹkan fún mi."

Mo rò pé ó máa ní kí n máa lọ.

"Ibùsùn yẹn," ó ní, "báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

"Ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Ìwọ̀n ilẹ̀kùn nìyẹn."

Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi orí kan lé mi lọ́wọ́. A wọn ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n létí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìhín àti ọ̀hún. Ó ní kí n dúró sí àárín rẹ̀. Mo dúró. Òun náà wá dúró tì mí, èjìká kan èjìká. Mo fún ara mi pọ̀ títí, apá rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà lẹ́yìn ìlà.

"Ibi tí ìwọ máa sùn rèé," ó ní. "Tèmi dà?"

Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ènìyàn, kí n sì wá àyè fún un. Mo ti kàn fún ìyàwó àti ọkọ, fún ìyá àti ọmọ, fún arúgbó tí kò lè tẹ ẹsẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi kan ilẹ̀kùn yẹn, ìgbéyàwó ni mò ń rò, kò sì sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ènìyàn méjì ló máa sùn níbẹ̀.

"Mo ti ń sunkún pé o parọ́ yàrá méjì nítorí mi," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé n ò tilẹ̀ sí nínú ẹyọ kan."

Ó nu ìlà ṣọ́ọ̀kì náà, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ náà ni mo tú ilẹ̀kùn mi palẹ̀. Mo yọ férémù, mo yọ ọwọ́ rẹ̀, mo fi igi dí ihò kọ́kọ́rọ́. Mo kan ibùsùn mìíràn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe tì í sókè, ó gba ìdajì ògiri, kò sì jọ nǹkan kan láyé àfi ibùsùn tó nàró.

Mo lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé wọn. Aránṣọ wà níbẹ̀, ó ń to aṣọ. Mi ò jókòó.

"Yàrá kan ni mo ní, sà. Ẹyọ kan, mà. Kò sí pálọ̀. Ibi tí mo ti ń jẹun náà ni mo ń sùn. Mo purọ́ fún yín, mo sì jẹ́ kí ọmọ yín bá mi purọ́ láìmọ̀. Mi ò wá tọrọ nǹkan kan lónìí. Kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni mo ṣe wá."

"Èmi ńkọ́?" Ìyá ní. "Ìwọ lo sọ mí di onírọ́ lójú àwọn àbúrò mi."

"Bí ẹ bá mú mi lọ, mà, n ó sọ fún wọn fúnra mi."

Mo rò pé kò ní gbà. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ilé mẹ́ta la lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyá á jókòó, á ká apá mọ́ àyà, á ní, "Ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ." Èmi á dúró láàárín pálọ̀ wọn, níwájú ọkọ àti ọmọ àti àlejò, n ó sọ pé yàrá kan ni mo ní, mo sì fi ibùsùn ṣe ilẹ̀kùn. Nílé àkọ́kọ́, mo sáré sọ ọ́. Nílé kejì, wọ́n ní kí n tún un sọ, àwọn ò gbọ́ ti ibùsùn yẹn yé. Nílé kẹta, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù béèrè pé, "Ó wá ní ihò kọ́kọ́rọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá sì bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, kò lè dá a dúró, ó fi ìborùn bo ojú. Ìtìjú mi ò dín kù, àmọ́ láti ọjọ́ náà ló tún ti ń pè mí ní ọmọ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn ilé. Mi ò yọjú. Mo mọ ẹni tó ń yí ilé po. Bàbá wọlé pẹ̀lú àpò iṣẹ́ rẹ̀, Aránṣọ sì tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá fa ibùsùn wálẹ̀, ó tì í sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri, ó fetí sí i.

"Ẹni kan ni ògiri yìí ń gbé tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ìṣó tó o fi gbé e kọ́ ò tó ènìyàn méjì. Mú omi wá."

A jọ ṣe é. Ó lu ògiri já níbi mẹ́rin, ó ki irin bóòtù gígùn bọ̀ ọ́ títí dé ìta, ó fi irin pẹlẹbẹ há a lẹ́yìn, ó po sìmẹ́ńtì, ó fi dí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "gbà" àti "dì í mú" lọ. A jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà wá, ọmọ rẹ̀ tún tẹ̀ lé e. Ó fa ibùsùn wálẹ̀.

"Jókòó lé e."

Mo jókòó. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ náà, bó bá wù ẹ́."

Aránṣọ wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, àyè sì ṣẹ́kù láàárín wa. Bàbá tẹ orí ibùsùn náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó wo àwọn bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó gbé e," ó ní, ó sì gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Aránṣọ ṣí báàgì rẹ̀, ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé náà jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo tí mo ní kéré, ó sì sún mọ́ ilẹ̀, gíga rẹ̀ ò pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo fa téèpù yọ.

"Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n fún ẹ, kó o lè gé e."

"Mi ò ní gé e," ó ní.

Ó gun orí àga, ó gbé e kọ́ bó ṣe wà. Aṣọ náà bo fèrèsé, ó bo ògiri abẹ́ rẹ̀, ó sì wọ́ nílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti fẹ́ra wa, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í béèrè ìdí tí aṣọ fèrèsé wa fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kì í dá wọn lóhùn. Á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á yíjú sí mi, á máa dúró, títí n ó fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ínṣì méjì tí mo ní kó fi kún un.